Ta Ni Ọ́, Kí Lo sì Fẹ́? Ìbò òmìnira Scotland àti èrò aráàlú

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá kan ní Glasgow. Mo tún un kọ kó lè dùn ún kà, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí àwọn ìbéèrè tí ẹ bi mí wà níbi tí ẹ ti bi mí.)

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níjòkòó, mo júbà o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín. Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí rẹfẹrẹ́ńdọ̀mù, ìyẹn ìbò tí aráàlú fi ń dáhùn ìbéèrè kan, mo sì mọ ìdí tó fi ní kí n sọ ọ́. Láti bí ọdún mélòó kan, kò sí ìpàdé tí a ṣe tí ẹnì kan kì í dìde pé: "Kí wọ́n ṣáà jẹ́ ká dìbò sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dìbò, Yorùbá ti lọ nìyẹn." Mi ò wá bá ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ jà, mi ò sì wá gbè é lẹ́yìn. Ohun tí mo fẹ́ ni pé ká wo ibi tí wọ́n ti ṣe irú ìbò bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé ojú wa níbí ló ṣe.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní Scotland: ṣé ó yẹ kí Scotland di orílẹ̀-èdè olómìnira? Àwọn 1,617,989 ní Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn 2,001,926 ní Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdá 44.7 nínú 100 sí ìdá 55.3 nìyẹn. Nínú gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀, ìdá 84.6 ló jáde. Ìbò ààrẹ tí wọ́n dì nílé ní 2023, àwọn tó jáde ò tó mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà lọ́kàn yín.

Mo dìbò lọ́jọ́ náà. Ìwé Nàìjíríà nìkan ló wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, ṣùgbọ́n òfin wọn gbà pé kí ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì tó ń gbé Scotland lọ́nà ẹ̀tọ́ dìbò. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni ibùdó ìdìbò àdúgbò wa. Wọn ò bi mí ní káàdì, wọn ò fi tàdáwà kun ìka mi. Obìnrin kan bi mí ní orúkọ àti àdírẹ́sì, ó fi rúlà fa ìlà sórí orúkọ mi, ó sì na bébà kan sí mi. Ìbéèrè kan, àpótí méjì, àti pẹ́ńsù tí wọ́n fi okùn so mọ́ tábìlì. Ọmọkùnrin tó wà níwájú mi lórí ìlà ṣì wọ aṣọ ilé ìwé, torí pé àwọn ọmọ ọdún 16 náà dìbò. Ẹ má bi mí níbi tí mo fi àmì sí o. Ìyàwó mi pàápàá ò tíì mọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sínú ọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìbò yẹn, ní 2011, wọ́n ka èèyàn ní Scotland, wọ́n sì bi kálukú pé orílẹ̀-èdè wo ló ka ara rẹ̀ mọ́. Ìdá 62 nínú 100 ní Scottish làwọn, kò sì sí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Ìdá 18 ní àwọn jẹ́ Scottish, àwọn sì tún jẹ́ British. Àwọn tó ní British nìkan ni àwọn ò ju ìdá 8 lọ. Ká ní ẹ fún ẹnì kan ní ìwé yẹn ní 2011, kẹ́ ẹ sì ní kó sọ bí ìbò òmìnira ṣe máa rí, ìdáhùn rẹ̀ kò ní ṣòroó mọ̀. Ìdá 62! Kí la tún ń jiyàn lé lórí? Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ pé, 44.7 ni wọ́n rí.

Mo mọ̀ pé ìkànìyàn máa ń ka ọmọdé mọ́ àgbà, a ò sì lè gbé nọ́ńbà kan lé èkejì lórí gẹ́lẹ́. Àlàfo tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ọmọdé lè dí lọ. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Edinburgh tó ṣe ìwádìí lẹ́yìn ìbò rí i pé nínú àwọn tí wọ́n bí sí Scotland gan-an, díẹ̀ báyìí ni àwọn tó ní Bẹ́ẹ̀ ni fi lé ní ìdajì. Nínú àwọn tí wọ́n bí sí apá ibòmíràn ní Ìlú Ọba, bí èèyàn méje nínú mẹ́wàá ló ní Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn kan mú apá kejì yìí, wọ́n ń pariwo pé àlejò ló gba òmìnira lọ́wọ́ onílé. Apá àkọ́kọ́ ló yẹ kí wọ́n wò. Ọmọ onílùú tó bẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí baba ńlá rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ níbí, bí ìdajì wọn ló wọ inú àgọ́ ìdìbò lọ tó fi àmì sí Bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọn ò dẹ́kun jíjẹ́ Scottish lọ́jọ́ náà.

Bàbá kan dá mi dúró níbí: "Wọ́n bẹ̀rù ni."

Àwọn kan bẹ̀rù, bàbá, òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká bi ohun tí wọ́n bẹ̀rù. Ní oṣù Kejì 2014, George Osborne tó jẹ́ mínísítà ìnáwó wá sí Edinburgh, ó ní bí Scotland bá lọ, kò ní sí pé a jọ ń ná pọ́n-ùn kan náà. Látìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nígbà tí Alex Salmond, olórí ìjọba Scotland tó ń ṣáájú àwọn Bẹ́ẹ̀ ni, àti Alistair Darling, tó ń ṣáájú àwọn Bẹ́ẹ̀ kọ́, kojú ara wọn lórí tẹlifíṣàn ní oṣù Kẹjọ, Darling ò jẹ́ kó rímú mí: owó wo lẹ máa ná? Bí wọn ò bá gbà fún yín, kí lẹ máa ṣe? Salmond ní pọ́n-ùn ti gbogbo wa ni. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì lóṣooṣù kì í fi ọ̀rọ̀ gidi lọ sí ọjà. Ó fẹ́ mọ owó tó máa wọ àkáǹtì òun. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nínú ìwádìí èrò aráàlú tí Lord Ashcroft, olóṣèlú kan tó máa ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, ṣe lẹ́yìn ìbò, ìdá 73 nínú àwọn tó ti lé ní ẹni ọdún 65 ló ní Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì náà wà níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ òmìnira kọ ìwé ńlá kan jáde ní 2013, ìṣirò owó epo tí wọ́n ṣe nínú rẹ̀ dúró lórí pé àgbá kan á máa lé ní 100 dọ́là. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní 2016, ó ti já wá sísàlẹ̀ 30 dọ́là. Àwọn ará wa tó ń ṣiṣẹ́ epo ní Aberdeen mọ ohun tí ìyẹn fi ojú wọn rí. Aberdeen tó jẹ́ olú ìlú epo gan-an, Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló wọlé níbẹ̀, pẹ̀lú ìdá 58.6.

Ẹ wo máàpù ìbò náà. Ìjọba ìbílẹ̀ 32 ló wà, mẹ́rin péré ni Bẹ́ẹ̀ ni ti borí: Dundee, Glasgow wa níbí, West Dunbartonshire àti North Lanarkshire. Kí ló pa àwọn mẹ́rin yìí pọ̀? Kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ Scottish ju àwọn yòókù lọ. Ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti ń wa èédú, tí wọ́n ti ń rọ irin ni, tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti kógbá sílé láti ìgbà Thatcher tó jẹ́ olórí ìjọba Ìlú Ọba ní àwọn ọdún 1980, tí àwọn ọmọ wọn ò sì ríṣẹ́. Ẹni tí kò ní nǹkan púpọ̀ láti pàdánù ń sọ pé ẹ jẹ́ ká dán an wò. Edinburgh, níbi tí báǹkì àti ilé iṣẹ́ ìṣèjọba wà, ìdá 61 níbẹ̀ ló ní Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní Orkney ní ìpẹ̀kun àríwá lọ́hùn-ún, ó lé ní ìdá 67. Àwọn ará Orkney ní tiwọn rántí pé ìjọba Norway ló ni àwọn rí kó tó kan Scotland, wọn ò sì rí ìdí tí Edinburgh fi yẹ kó sàn fún wọn ju Lọ́ńdọ̀nù lọ.

Mo fẹ́ fara balẹ̀ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ìwádìí èrò aráàlú, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tan wá jẹ jù. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ni ìwádìí fi ń sọ pé Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń léwájú. Nígbà tó ku bí ọjọ́ mọ́kànlá, YouGov, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe irú ìwádìí yìí, gbé tiwọn jáde nínú ìwé ìròyìn Sunday Times: Bẹ́ẹ̀ ni, 51, Bẹ́ẹ̀ kọ́, 49. Ìlú dàrú! Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, Cameron, Miliband àti Clegg, àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́ta tó ń bá ara wọn jà ní Lọ́ńdọ̀nù, pa ìjókòó ilé aṣòfin tì, wọ́n sáré wá sí Scotland. Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú ìbò, Ọbabìnrin jáde láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun retí pé àwọn èèyàn á ro ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú dáadáa. Ọba tí kì í dá sí òṣèlú o! Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n dìbò, ìwé ìròyìn Daily Record gbé ìlérí kan sójú ewé àkọ́kọ́, ibuwọ́lù àwọn ọ̀gá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nísàlẹ̀ rẹ̀: ẹ dúró, a ó fún yín lágbára sí i. Látinú ìlérí yẹn ni Òfin Scotland ọdún 2016 ti jáde, tó fi owó orí tí wọ́n ń gbà lórí owó oṣù sọ́wọ́ Edinburgh. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ilé iṣẹ́ kan gbé jáde ló ṣe gbogbo èyí. Ìwádìí èrò aráàlú tún ń sún èrò kiri, ó sì ń sún àwọn alágbára. Ẹni tó bá ń ronú pé kíkà lásán ló ń kà, kò tíì rí i níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ gbọ́ èyí náà. Lẹ́yìn ìbò, gbogbo èèyàn ń sọ pé ìdá 71 nínú àwọn ọmọ ọdún 16 àti 17 ló ní Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan sọkún lé e lórí pé ọmọdé fẹ́ òmìnira, arúgbó ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Látinú ìwádìí Ashcroft náà ni nọ́ńbà yẹn ti wá. Ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn àti díẹ̀ ló bá sọ̀rọ̀. Mélòó nínú wọn ló jẹ́ ọmọ ọdún 16 sí 17? Mẹ́rìnlá. Ọmọ mẹ́wàá nínú mẹ́rìnlá ni wọ́n sọ di ohùn gbogbo ọmọ Scotland. Nígbà mìíràn tí ẹ bá rí "ìdá báyìí nínú ọ̀dọ́ Yorùbá fẹ́ lọ" lórí WhatsApp, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ọ̀dọ́ mélòó, ta ló bi wọ́n, ibo ni wọ́n ti bi wọ́n.

Irú ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n náà ńkọ́? Ọ̀mọ̀wé ará Spain kan wà tó ń jẹ́ Luis Moreno, òun ló mú ọ̀nà kan gbajúmọ̀ láti àwọn ọdún 1980 nígbà tó ń fi Scotland wé Catalonia. Kò ní kí èèyàn mú ọ̀kan ju èkejì nù. Ó ní: ṣé Scottish nìkan ni ọ́, àbí Scottish ju British lọ, àbí méjèèjì dọ́gba, àbí British ju Scottish lọ, àbí British nìkan? Mo ní kí ẹ jẹ́ ká ṣe é nínú gbọ̀ngàn yìí. Yorùbá nìkan? Ọwọ́ díẹ̀ lọ sókè, àwọn tó sì gbé e gbé e tagbáratagbára. Yorùbá ju Nàìjíríà lọ? Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti pọ̀. Méjèèjì dọ́gba? Ó tún pọ̀. Nàìjíríà nìkan? Ẹ wo ara yín, ẹ rẹ́rìn-ín. Àwọn kan sì nawọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo rí yín.

Nílé, wọn ò tilẹ̀ bi èèyàn. Ìkànìyàn ọdún 2006 yọ ẹ̀yà àti ẹ̀sìn kúrò nínú ìwé ìbéèrè rẹ̀ pátápátá kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀. Afrobarometer, àjọ tó ń ṣe ìwádìí èrò aráàlú káàkiri Áfíríkà, nìkan ni mo mọ̀ tó máa ń bi àwọn ọmọ Nàìjíríà léraléra pé, ká ní o gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan láàárín ẹ̀yà rẹ àti Nàìjíríà, èwo lo máa mú. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun mọ iye Yorùbá tó fẹ́ lọ, ọkàn ara rẹ̀ ló ń kà fún wa.

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn béèrè pé kí ló wá burú nínú ká dìbò, kí a lè mọ̀.

Kò burú. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bébà ìbò ni wọ́n ti máa ń pinnu ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ní 1979, Scotland dìbò bóyá kí wọ́n ní ilé aṣòfin tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ni borí pẹ̀lú ìdá 51.6, wọ́n sì pàdánù. Òfin tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ní Bẹ́ẹ̀ ni gbọ́dọ̀ tó ìdá 40 nínú gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé, ìdá 32.9 ló sì jẹ́. Ẹni tó sùn sílé, Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló dì. Òkú tí wọn ò tíì yọ orúkọ rẹ̀, Bẹ́ẹ̀ kọ́ lòun náà dì. Ọdún 18 ni wọ́n fi dúró kí wọ́n tó tún bi wọ́n ní 1997, ìdá 74.3 sì ní àwọn fẹ́ ẹ.

Àwa náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà sọ ọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 1963, àwọn ará Benin àti Delta dìbò láti kúrò lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ àwa Yorùbá, ìyẹn bí wọ́n ṣe rí i. Òfin tiwọn le ju ti Scotland lọ: ìdá 60 nínú gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀. Wọ́n rékọjá rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì gba agbègbè tiwọn, Mid-West. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Kejì 1961, wọ́n bi àwọn ará Kamẹrúùnù tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pé ṣé Nàìjíríà ni ẹ fẹ́ bá lọ, àbí Kamẹrúùnù. Apá àríwá bá wa lọ, apá gúúsù lọ sọ́hùn-ún. Kò sí àyè níbẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ dá dúró. Ìjà tó ń lọ ní apá gúúsù yẹn dòní, ara gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ìbéèrè tí wọn ò bi wọ́n.

Ti Scotland, ìjọba Salmond kọ́kọ́ fẹ́ bi èèyàn pé "ṣé ẹ gbà pé ó yẹ kí Scotland di olómìnira?" Àjọ elétò ìdìbò dán an wò lára àwọn èèyàn, ó ní "ṣé ẹ gbà pé" yẹn ń fa èèyàn sí apá kan. Wọ́n yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré báyẹn!

Látìgbà náà ńkọ́? Ní 2016, ìdá 62 ní Scotland ní kí Ìlú Ọba dúró sí Yúróòpù, England sì fà wọ́n jáde. Ọ̀pọ̀ tó ti ní Bẹ́ẹ̀ kọ́ nítorí Yúróòpù yí padà, àwọn kan tó ti ní Bẹ́ẹ̀ ni náà sì yí padà sí òdìkejì, nítorí wọn ò fẹ́ Yúróòpù. Ní 2020, ìwádìí léraléra ń sọ pé Bẹ́ẹ̀ ni ló ń léwájú. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé ilé aṣòfin Edinburgh kò lágbára láti dá ìbò mìíràn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní oṣù Keje 2024, ẹgbẹ́ SNP tó ń jà fún òmìnira já láti 48 sí 9 nínú ìjókòó tí wọ́n ní ní Westminster, ilé aṣòfin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin tó ń rò pé òmìnira ti kú nìyẹn, ẹ wo ìwádìí lẹ́yìn náà: àwọn tó fẹ́ òmìnira ṣì ń sún mọ́ ìdajì. Ẹgbẹ́ òṣèlú ni wọ́n bínú sí.

Ohun tó ká mi lára jù ni ìkànìyàn ọdún 2022. Scottish nìkan gòkè díẹ̀ sí 65.5. British nìkan gòkè láti bí 8 sí 13.9. Àwọn tó máa ń sọ pé méjèèjì làwọn, ìdá 18 tẹ́lẹ̀, ti wálẹ̀ sí 8.2. Ní tèmi o, àwọn wọ̀nyẹn ni ìbò náà ṣe ní jàǹbá jù. Wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè tó ní àpótí méjì péré títí wọ́n fi mú ọ̀kan. Mo ń wo àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí, tí wọ́n ń jẹ́ Yorùbá, tí wọ́n ń jẹ́ Scottish, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já irú bébà bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn wá látẹnu ìyá kan níwájú: "Bí wọ́n bá wá gbé irú ìbò yìí dé ilẹ̀ Yorùbá, ṣé àwa tá a wà níbí máa dìbò?"

Mo ní kò sí òfin tó gbà á báyìí, Mà. Ìwé òfin ọdún 1999 ní apá kejì sọ pé Nàìjíríà ò ṣeé pín. Ibi tí mo rí rẹfẹrẹ́ńdọ̀mù nínú rẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yìí ni apá kẹjọ, lórí dídá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, níbi tó ti ní kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ará àdúgbò náà fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ká ní ó ṣẹlẹ̀, tí wọ́n sì lo òfin Scotland: ibi tí èèyàn ń gbé ni wọ́n wò. Andy Murray, ọmọ Dunblane ní Scotland, tó gba wúrà Òlíḿpíìkì nínú tẹníìsì, jáde láàárọ̀ ọjọ́ ìbò pé Bẹ́ẹ̀ ni lòun ń tì lẹ́yìn, kò sì lè dìbò torí England ló ń gbé. Èmi ọmọ Ìbàdàn dìbò. Nítorí náà, àwa tá a wà nínú gbọ̀ngàn yìí kò ní dìbò. Ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Mọ́kọ́lá, tó ń tajà ní Gbági, máa dìbò. Ọmọ Hausa tó wà ní Sábó láti ayé baba rẹ̀ máa dìbò.

Ariwo sọ. Bàbá tó ní ẹ̀rù ló ba àwọn ará Scotland dìde, ó ní ìyẹn ò lè ṣeé ṣe láéláé. Mo ní kí wọ́n bá wa kọ òfin tiwọn. Wọ́n ní ẹni tí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ Yorùbá ni kó dìbò. Ìyá yẹn ní, "Àwọn ọmọ tèmi tí bàbá wọn jẹ́ ará Ẹdó ńkọ́?" Bàbá ní ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá náà lè dìbò. Ọ̀dọ́kùnrin kan béèrè pé àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ ní Benin ńkọ́, tí bàbá àti ìyá wọn jẹ́ Yorùbá. Alága ní kí n jókòó, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi.